Ọ̀rá Gúúsì Mummy Bridie àti Ohun Tí Mo Kọ Sínú Ìwé

Thamesmead,
Ọjọ́rú, lẹ́yìn ìrun Àsárì.

Bàsírátù mi, Àníkẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú,

Ara mi le, ara Daddy rẹ náà le, òtútù nìkan ló ń bá wa jà. Ìdí fèrèsé kíṣìnì ni mo jókòó sí. Omi adágún ń dán nísàlẹ̀, àwọn ẹyẹ funfun ọlọ́rùn gígùn yẹn sì ń rìn kiri létí rẹ̀ bíi pé àwọn ló ń gba owó ilé lọ́wọ́ wa.

Nígbà tí o tẹ̀ wá láago láti Liverpool lọ́jọ́ Àìkú, ẹ̀rín ni o ń rín. O ní bàbá arúgbó kan, ará Ireland, wà ní wọ́ọ̀dù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ́ sí, pé o bá pòtétò gbígbẹ kan nínú àpò pìjámà rẹ̀. O ní nígbà tí o fẹ́ gbà á, bàbá náà di ọwọ́ rẹ mú, ó ní oògùn làkúrègbé òun ni. O wá sọ pé, "Mummy, orí bàbá yẹn ti dàrú o. Mo máa kọ ọ́ sínú fáìlì rẹ̀."

N kò rẹ́rìn-ín. O bèèrè pé, "Mummy, ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀?" Mo ní mo wà níbẹ̀. Àmọ́ n kò sí níbẹ̀, ọmọ mi. Mo ti padà sí ọdún àkọ́kọ́ wa nílùú yìí, sí fúláàtì Mummy Bridie lókè kẹjọ. Ohun tí mo kàn lè sọ ni pé kí o má tíì kọ nǹkan kan, kí o dúró de lẹ́tà mi. O ní, "Mummy, iṣẹ́ mi nìyẹn." Òótọ́ ni. Iṣẹ́ tèmi náà ni nígbà yẹn.

O rántí Mummy Bridie. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni ọ́, o sì fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tí o kò mọ̀ ni ohun tí mo ṣe sí i. Láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá, ojú ló ń tì mí tí n kò fi sọ ọ́.

O mọ̀ pé tíṣà ni mí ní Lagos. English mi já gaara, ìkọ̀wé mi sì dára débi pé hẹ́dímáásítà gan-an máa ń ní kí n bá òun kọ lẹ́tà. Nígbà tí a dé ibí, Daddy rẹ rí iṣẹ́ sí Crossness, níbi tí wọ́n ti ń tún omi ìdọ̀tí ṣe. Èmi rí iṣẹ́ home help: kí n máa lọ sílé àwọn arúgbó, kí n bá wọn gbálẹ̀, kí n dáná, kí n bá wọn ra nǹkan bọ̀ láti Plumstead High Street. Ìwé kan wà tí a ń kọ ohun tí a bá rí sí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á kọ ìlà kan péré: "Mo gbálẹ̀. Ara wọn le." Èmi ní tèmi, ojú ìwé kan gbáko ni. Mo fẹ́ kí súpáfáísà wa mọ̀ pé ẹni tó di ìgbálẹ̀ mú yìí, kì í ṣe ẹni tí kò kàwé.

Ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ nìyẹn, kó tó di pé mo sọ ìyókù: má fi bírò wá iyì fún ara rẹ. Ẹni tí o bá kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti fi wá a, orí rẹ̀ ni ìyà rẹ̀ máa já lé.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni Mummy Bridie nígbà náà. Etí òkun ìwọ̀-oòrùn Ireland ni wọ́n bí i sí. Ọkọ rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ títí ní Woolwich kó tó kú, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí sì wà ní Australia. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ mọ́ kedere, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó fẹ́ kọrin. Ṣùgbọ́n ilé rẹ̀! Ìgò ọ̀rá kan wà lábẹ́ síńkì, ó ti yí sí àwọ̀ ìyeyè. Ewé òkun gbígbẹ kan wà nínú àpò ìwé, ó rí wúruwùru, ó ń rùn bí ẹja. Jàǹkárìwọ̀ wà ní igun kan lókè fèrèsé, kò sì jẹ́ kí n gbá a. Tí ọ̀fun bá ń dùn ún, aṣọ òtútù pupa kan báyìí ló máa fi wé ọrùn. Pòtétò kan tó ti dúdú, tó ti le bí òkúta, kì í kúrò nínú àpò kádígàànì rẹ̀.

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, kò fi ríran. Lọ́jọ́ kan tó lọ sùn díẹ̀ lọ́sàn-án, mo da ọ̀rá yẹn nù, mo da ewé òkun náà tẹ̀ lé e, mo fọ abẹ́ síńkì títí ó fi ń dán. Nígbà tó jí, ó wo ibẹ̀.

Ó ní, "Ọ̀rá mi dà?"

Mo ní, "Mo ti dà á nù, mà. Ó ti bàjẹ́."

Kò bú mi. Ó jókòó jẹ́jẹ́ lórí àga, ó sì ń fi ọwọ́ pa orúnkún rẹ̀. Mo mú ìwé, mo kọ gbogbo rẹ̀: pòtétò, jàǹkárìwọ̀, ọ̀rá, ewé. Mo parí rẹ̀ pẹ̀lú gbólóhùn kan tó wú mi lórí gan-an lọ́jọ́ náà, pé ìyá yìí kò mọ ìyàtọ̀ láàrin oògùn àti ìdọ̀tí mọ́. Súpáfáísà pè mí sí ọ́fíìsì, ó ní òun kò rí irú àkọsílẹ̀ tó já gaara báyìí rí. Mo gbọ́ ìyìn, inú mi dùn. Ó wá fi kún un pé ó jọ pé ìyá náà kò lè dá gbé mọ́, pé tí ọdún tuntun bá wọlé, ẹnìkan á wá yẹ̀ ẹ́ wò, bóyá kí wọ́n gbé e lọ sí ilé àwọn arúgbó. Inú mi kò dùn mọ́, ṣùgbọ́n n kò sọ̀rọ̀.

Nígbà tó di oṣù Kejìlá, ikọ́ mú ọ. O rántí bí ògiri yàrá rẹ ṣe máa ń rin nígbà yẹn, tí ebu dúdú ń hù lára rẹ̀? Ilé ìwé ti padé fún ọlidé, Daddy rẹ wà níbi iṣẹ́, n kò sì rí ẹni fi ọ́ tì. Mo mú ọ dání lọ sílé Mummy Bridie, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin iṣẹ́ wa kò gbà á.

O wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì ní pálọ̀. Ó gbọ́ ọ láti kíṣìnì, ó ní, "Ta ló ni ikọ́ yẹn? Mú un wá síbí."

Ọmọ àbúrò rẹ̀ ti fi ọ̀rá àti ewé òkun mìíràn ránṣẹ́ sí i láti ilé. Ọ̀rá gúúsì ni, ẹyẹ tó jọ pẹ́pẹ́yẹ àmọ́ tó jù ú lọ. Ó fi ṣíbí bù ú, ó yọ́ ọ lórí iná, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ra á sí ọ láyà àti lẹ́yìn, ó wá fi aṣọ pupa yẹn wé ọ. O sunkún nítorí òórùn rẹ̀. Ó se ewé òkun náà nínú mílíìkì títí ó fi ki bí ẹ̀kọ mímu, ó sì sẹ́ ẹ. Ó gbé àlùbọ́sà sórí iná pẹ̀lú mílíìkì lọ́tọ̀. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ sí ìgò wísíkì, mo sì pariwo.

Mo ní, "Rárá o, mà! Mùsùlùmí ni wá."

Ó wo ìgò, ó wò mí. "Ọlọ́run yín kò fẹ́ ẹ bó bá tilẹ̀ jẹ́ oògùn?"

"Kò fẹ́ ẹ, mà."

"Ó dáa. Ti Ọlọ́run yín ni ká ṣe." Ó fi kànáfùrù, oyin àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ dípò rẹ̀.

Àníkẹ́, ibi tí mo dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìríìjì ni omi ti bọ́ lójú mi. Ìyá mi ni mò ń wò. Ní Ìjẹ̀bú-Igbó, tí ikọ́ bá mú wa, Màmá á na àtẹ́lẹwọ́ sí iná àtùpà, á fi òrí pa á, á fi ra wá láyà, gbogbo ilé á máa rùn. Òrí náà, inú igbá kan lábẹ́ ibùsùn ló ń wà, kò sì sí ẹni tó mọ iye ọdún tó ti lò níbẹ̀. Tí òyìnbó kan bá wọlé tọ Màmá lọ́jọ́ náà pẹ̀lú ìwé àti bírò, kí ni ì bá kọ? Òun náà ni mo kọ.

Mo ní, "Ẹ ṣé gan-an, mà." Ló bá sáré fi ọwọ́ bo ẹnu mi. Ó ní nílùú àwọn, a kì í dúpẹ́ oògùn, tí a bá dúpẹ́ rẹ̀, kò ní jẹ́ mọ́. Bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Nígbà tí mo dé ibẹ̀ lọ́jọ́ kejì, mo ti fẹ́ kúnlẹ̀, mo ti ní "Ẹ ṣé àn—" kí n tó rántí. Mo gbé ìgbálẹ̀, mo ń fi gbogbo agbára gbá ilẹ̀ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí.

Ikọ́ náà rọlẹ̀. Èmi tí mo da ọ̀rá nù wá di onígbàgbọ́ nínú ọ̀rá. Nígbà tí ibà gùn ọ́ lọ́sẹ̀ kejì, n kò ronú dókítà rárá. Mo ń ra ọ́, mo ń wé ọ, mo ń fún ọ ní ewé òkun mu. Ọjọ́ méjì gbáko, Àníkẹ́. Mò ń gbọ́ bí o ṣe ń mí, mo sì ń sọ fún ara mi pé oògùn ló ń ṣiṣẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, mo gbé aṣọ lé ọ lórí aṣọ, mo sì mú ọ lọ sílé rẹ̀. Ọ̀rá mìíràn ni mo fẹ́ bèèrè. Mummy Bridie kò tilẹ̀ wo ìgò tó wà lọ́wọ́ mi. Ó ká aṣọ rẹ sókè, ó gbé etí lé ẹ̀yìn rẹ, ó pa ojú dé. Ó pẹ́ kó tó gbé orí sókè.

"Ọjọ́ mélòó ló ti ń mí báyìí?"

"Ọjọ́ méjì, mà. Ṣùgbọ́n mò ń ra á."

"Fi ọ̀rá sílẹ̀!" N kò gbọ́ kó pariwo rí. "Ọwọ́ mi kò ká eléyìí. Mo ní àbúrò obìnrin kan, Kathleen. Bó ṣe ń mí nìyí. Ìyá wa ń ra á, ó ń ra á, títí kò fi mí mọ́. Bó bá ṣe pé dókítà wà nítòsí wa ni!" Ó ti ń tẹ fóònù bó ṣe ń sọ ọ́, ó ń pe áńbúláǹsì.

Òtútù àyà ló mú ọ. Dókítà sọ fún mi ní ọsibítù pé bí a bá fi di ọjọ́ kejì, òun kò mọ ohun tí òun ì bá sọ fún mi. Ọjọ́ mẹ́sàn-án lo lò níbẹ̀. Alhamdulillahi, lónìí ìwọ lò ń wọ aṣọ nọ́ọ̀sì.

Gbọ́ mi dáadáa níbí yìí, nítorí ẹ̀ẹ̀kan ni èsìsì ń jó ni. Mo kọ́kọ́ ka oògùn ìyá náà sí ìdọ̀tí. Lẹ́yìn náà mo sọ ọ́ di ohun tí kò lè kùnà. Àṣìṣe kan náà ni méjèèjì, nítorí pé n kò bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Òun mọ ohun tó lè ṣe, ó sì mọ ibi tó pin sí. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹ̀rọ ọsibítù yín ní iṣẹ́ tirẹ̀, ọ̀rá gúúsì náà ní tirẹ̀, ẹni tí kò bá mọ ààlà tó wà láàrin wọn ló ń pa ènìyàn.

Nígbà tí o padà wálé, ọ̀sẹ̀ kan péré ló kù kí wọ́n wá yẹ Mummy Bridie wò. Ó fi ìwé tí wọ́n kọ sí i hàn mí, ó ní, "Wọ́n ní wọ́n gbọ́ pé orí mi kò pé mọ́. Ta ló lè sọ bẹ́ẹ̀?"

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Èmi ni, mà."

Ó ní, "Kí lo kọ? Sọ ọ́ fún mi bí o ṣe kọ ọ́."

Mo ti mọ̀ ọ́n sórí, nítorí mo fẹ́ràn rẹ̀ nígbà tí mo kọ ọ́. Mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé ibi ìdọ̀tí.

"English rẹ dára," ló sọ. Lẹ́yìn náà: "Ṣé o rò pé wèrè ni mí lóòótọ́?"

"Rárá, mà."

"Nígbà tí o ń kọ ọ́ ńkọ́?"

"N kò rò nípa yín rárá, mà. English yẹn ni mò ń rò."

Ó wò mí tìtì. Ó ní, "Lọ sọ ìyẹn fún wọn."

Mo lọ. Mo gun àtẹ̀gùn ọ́fíìsì náà. Súpáfáísà ní, "Ṣé irọ́ lo kọ nígbà náà ni?" Mo ní, "Ohun tí mo rí ni mo kọ, ṣùgbọ́n n kò bèèrè ìdí rẹ̀. Oògùn ìyá rẹ̀ ni. Ìyá tèmi náà ní irú rẹ̀. Arúgbó tí ẹ ní orí rẹ̀ kò pé yìí, òun ló gbé etí lé ẹ̀yìn ọmọ mi tó mọ àrùn tí èmi tíṣà kò mọ̀."

"Báwo ni ọmọ rẹ ṣe dé ilé rẹ̀?" ni ìbéèrè tó tẹ̀ lé e.

N kò purọ́. Wọ́n kọ ọ́ sínú fáìlì tèmi pé n kì í tẹ̀lé òfin iṣẹ́. Ìlà kan péré. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó bèèrè ìdí tí mo fi mú ọ dání. Wọ́n gbé mi kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, wọ́n fi mí sí apá Woolwich. O máa ń bèèrè ìdí tí wọ́n fi pààrọ̀ ibi iṣẹ́ mi, mo sì ń sọ pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Bó ṣe rí gan-an nìyí. Ẹni tó wá yẹ Mummy Bridie wò mu ife tíì méjì lọ́dọ̀ rẹ̀, ó bi í ní ìbéèrè, ìyá náà fèsì gbogbo rẹ̀, wọ́n sì fi í sílẹ̀ nínú ilé rẹ̀.

Nítorí náà, padà lọ sọ́dọ̀ bàbá yẹn. Fa àga, jókòó tì í, má dúró lé e lórí. Bi í léèrè ẹni tó kọ́ ọ ní oògùn pòtétò. Bi í léèrè oríkèé wo ló ń dùn ún, nítorí oògùn tí arúgbó bá di mú, ibi tó ń dùn ún ló ń tọ́ka sí. Bi í pẹ̀lú bóyá ó ń gbé nǹkan mì tí dókítà kò mọ̀, ìyẹn ṣe pàtàkì. Lẹ́yìn náà kọ ọ́, bí àpẹẹrẹ: "Bàbá yìí ń gbé pòtétò sápò nítorí làkúrègbé, orúnkún ọ̀tún ló ń dà á láàmú." Bóyá orí rẹ̀ pé, bóyá kò pé, wàá mọ̀ nígbà tí o bá gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo mọ̀ pé wọ́ọ̀dù kún, pé ẹsẹ̀ ń dùn ọ́. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ.

Ǹjẹ́ o ṣì rántí igbó Lesnes Abbey? Lẹ́yìn tí wọ́n gbé mi kúrò, mo ń lọ kí Mummy Bridie lọ́jọ́ Sátidé gẹ́gẹ́ bí ọmọ. Tí ìgbà ìrúwé bá dé, á ní ká mú òun lọ já ewé èsìsì, nítorí ẹni tó bá jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta kí oṣù Karùn-ún tó parí, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á mọ́ títí ọdún á fi yí. Òun á jókòó sórí òkúta àwókù ilé àlùfáà yẹn, á máa fi ọ̀pá tọ́ka, ìwọ àti èmi á wọ ìbọ̀wọ́. O kọ ìbọ̀wọ́ lọ́jọ́ kan, o ní ọ̀dọ́ ni ọ́. Èsìsì jó ọ láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá! Ó ní kí o má pariwo, ó ní kí o wo ẹsẹ̀ rẹ, ewé gbòòrò kan wà níbẹ̀, ó ní kí o fún omi rẹ̀ sí i. Ó ní níbi tí Ọlọ́run bá gbin èsìsì sí, kì í gbin ewé yẹn jìnnà sí i. Mo se ọbẹ̀ èsìsì náà bí ẹ̀fọ́, pẹ̀lú ata àti irú. Mummy Bridie jẹ ẹ́, ojú rẹ̀ pọ́n, omi ń dà nímú rẹ̀, ó ní ìyá òun kò sọ fún òun pé ó lè gbóná báyìí. Ó tún gba sí i.

Ọdún mẹ́ta la fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ọdún kẹrin, ó ṣubú ní báfúrọ̀ọ̀mù, kò sì pẹ́ lórí ibùsùn ọsibítù. Mo bá a níbẹ̀ lọ́jọ́ tó kẹ́yìn. Nọ́ọ̀sì kan, ọmọdébìnrin bíi tìrẹ, ti wé aṣọ pupa yẹn mọ́ ọn lọ́rùn. Mo bèèrè ẹni tó ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́, wọ́n ní òun ni." N kò mọ orúkọ ọmọ náà títí dòní. Mo ń ṣe àdúrà fún un.

Àwọn nǹkan kéékèèké tó kù: máa jẹun kí o tó lọ ṣiṣẹ́. Má gbàgbé ìrun, bó tilẹ̀ di pé o kí wọn pọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́. Tí o bá ń bá àwọn ọmọ Yorùbá tó dàgbà jù ọ́ sọ̀rọ̀ níbẹ̀, rántí pé "ẹ" là ń lò. O ti ń jẹ́ kí "o" yọ lẹ́nu, mo ń gbọ́ ọ lórí fóònù. Daddy rẹ ní kí o ra bàtà tó nípọn.

Irun mi ti ń funfun, Àníkẹ́. Àgùnmu wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi báyìí tí àǹtí rẹ fi ránṣẹ́ láti Ìjẹ̀bú, mo ń fi omi gbígbóná mu ún láràárọ̀. Ó dúdú, òórùn rẹ̀ kò dára. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọmọ ọlọ́mọ kan á wọ kíṣìnì mi pẹ̀lú bírò lọ́wọ́, á ṣí kọ́bọ́ọ̀dù yẹn, á rí i. Kí Allah jẹ́ kó kọ́kọ́ yíjú sí mi, kó ní, "Mummy, kí lèyí?"

Èmi ni ìyá rẹ tó bí ọ,
Sìdíkátù.